Irọ́ Tí Mo Pa Mọ́ Ìyá Ọkọ Mi

Ọmọbìnrin mi pé ọdún mẹ́sàn-án, ó ṣì ń lo ìlédìí. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í sì í ṣe oorun ló ń kùn ún. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò ní Àkúrẹ́ ṣàlàyé fún èmi àti bàbá rẹ̀ pé iṣan tó yẹ kó máa jẹ́ kó mọ̀ pé ìtọ̀ ń gbọ̀n ọ́n kò ṣiṣẹ́ dáadáa láti ìgbà tí mo ti bí i. Ó ní ó lè sàn bó bá ń dàgbà, ó sì lè má sàn tán. A gbọ́, àmọ́ a kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Tíṣà ni mí nígbà náà, ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀bà-Ilé. Mo mọ ohun tí ojú atọ̀ọ́lé máa ń rí lọ́wọ́ àwọn ọmọdé. Mo tún mọ ohun tí àwọn àgbà máa ń sọ: ìyá rẹ̀ ló kẹ́ ẹ bà jẹ́, ẹgba méjì á wò ó sàn. Nígbà tí ìlédìí ọmọdé ò wá gba ìdí rẹ̀ mọ́, tí mo ní láti máa ra ti àgbàlagbà, Ọjà Ọba ni mo ń lọ, níbi tí èrò ti pọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní ráyè wò mí.

Ìgbà kẹta tí mo lọ, obìnrin tó ń tà á bi mí pé, "Àǹtí, ta lẹ máa ń ra eléyìí fún?"

"Ìyá ọkọ mi ni, ní Oǹdó. Ara wọn ò yá."

"Ọmọ Oǹdó lèmi náà. Àdúgbò wo ni wọ́n wà?"

Mo sọ ọ́. Irọ́ téèyàn bá ti bẹ̀rẹ̀ ṣòroó dá dúró.

"Àbí màmá tó fẹ̀yìntì nídìí iṣẹ́ tíṣà yẹn ni?"

Mo ní àwọn náà ni. Ó gbàdúrà fún wọn lórí ìdúró, mo sì ṣe àmín.

Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i, lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé kan, ìyá ọkọ mi wọlé dé láti Oǹdó láìsọ fún wa tẹ́lẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí wọn. Mo gbé omi wá, wọn ò mu ún.

"Lẹ́yìn ìsìn ní Sunday," wọ́n ní, "obìnrin mẹ́ta ló wá bá mi, tí wọ́n ń béèrè bí ara ṣe ń ṣe mí sí. Ọ̀kan nínú wọn di ìlédìí sínú ọ̀rá dúdú fún mi, ó ní kí ojú má tì mí. Ìyàwó, ìgbà wo ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ sára?"

Ọkọ mi yíjú sí mi. Òun náà ò mọ̀ nípa irọ́ náà. Àṣé ọmọ mi ti dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó sì ti gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Màmá Oǹdó, èmi ni mò ń lò ó."

Wọ́n wò ó láti òkè délẹ̀. Èmi ni wọ́n wá dojú kọ. "Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án?"

Mo tún kúnlẹ̀, mo tọrọ àforíjì, mo sì ṣàlàyé ohun tí dókítà sọ. Wọ́n mi orí. "Tí ilé ìwé bá ti gba ìsinmi, kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Ọ̀pọ̀lọ́ kan la máa so mọ́ ọn ní ìbàdí, lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Á jáwọ́."

Ọmọ mi di aṣọ mi mú. Kí n tó fèsì, ọkọ mi dìde.

"Màmá, ẹ so ó mọ́ èmi náà nígbà tí mo wà lọ́mọdé."

"O sì jáwọ́."

"Mi ò jáwọ́. Mo kàn ń kúrò lórí ẹní lọ sùn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ni, kí n lè nù ún kẹ́ ẹ tó jí. Títí mo fi wọ sẹ́kọ́ńdìrì."

Ọdún méjìlá ni mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí. Mi ò gbọ́ ọ rí.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?" Ohùn ìyá rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ta ni ǹ bá sọ fún, Màmá?"

Wọ́n bọ́ awò ojú wọn, wọ́n ń nù ún, wọn ò sì tètè fi í padà sójú. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí ọkọ mi sin àwọn dé ibùdókọ̀. Mo tún bẹ̀ wọ́n. "Mo ti gbọ́," ni wọ́n sọ. Wọn ò sọ pé àwọn ti dárí jì mí.

Mo padà sí Ọjà Ọba lọ sọ òtítọ́ fún obìnrin yẹn, mo sì sọ fún tíṣà tó ń kọ́ ọmọ mi. Ìyá ọkọ mi ò pè mí lórí fóònù fún oṣù mẹ́rin. Nígbà Kérésì, a lọ sí Oǹdó. Nígbà tí ìbátan kan ń béèrè ìdí tí a fi tẹ́ rọ́bà sórí bẹ́ẹ̀dì ọmọ ńlá, ìyá ọkọ mi ló dá a lóhùn: "Bí ara rẹ̀ ṣe rí nìyẹn." Wọ́n sì ń bu oúnjẹ lọ.

Ọmọ náà ti dàgbà báyìí. Ara rẹ̀ ti dá púpọ̀, ìgbà tó bá fẹ́ rin ìrìn àjò tó jìn nìkan ló máa ń wọ ìlédìí. Kì í rẹ ohùn sílẹ̀ tó bá ń sọ ọ́, níbi yòówù kó wà. Èmi ni mo ṣì máa ń wo ọ̀tún wo òsì.