Àpò Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ní Oko Tísà Olúkọ́lá

Bí ẹ bá fẹ́ bá bàbá mi jà, ẹ sọ fún un pé ohun kan wà níbòmíràn tí ó dára ju ti Ọ̀yọ́ lọ. Láti 1971 ni ó ti ń kọ́ àwọn ọmọ sẹ́kọ́ńdìrì ní iṣẹ́ ọ̀gbìn ní Jos, Tísà Olúkọ́lá sì ni gbogbo Jenta Adamu, àdúgbò wa, ń pè é. Síbẹ̀, ọṣẹ Ọ̀yọ́ ni ó fi ń wẹ̀, èlùbọ́ Ọ̀yọ́ ni ó ń jẹ, kàǹrìnkàn pàápàá, láti ilé ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́. Ìyá mi a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí ọ̀nà bá wà láti di atẹ́gùn Ọ̀yọ́ sínú ìgò, ọkọ òun yóò ní kí wọ́n di tòun wá. Èmi Yẹ́misí, ọmọ rẹ̀, nìkan ni kò jọ ohun Ọ̀yọ́ nínú ilé náà.

Jos ni wọ́n bí mi sí. Mo gbọ́ Yorùbá, mo sì ń sọ ọ́ bí ẹni ń gun òkè, ṣùgbọ́n Háúsá ni mo fi ń ṣeré, òun náà ni mo fi ń lálàá. Nígbà tí a lọ sílé ní Kérésì 1982, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Màmá, ìyá bàbá mi, pè mí láti inú yàrá. Dípò kí n dáhùn pé “Mà,” “Na'am” ti Háúsá ló jáde lẹ́nu mi. Màmá jáde síta, wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀, wọ́n béèrè pé ṣé ọmọ Olúkọ́lá ló di báyìí. Ojú ti bàbá mi gan-an. Kí a tó kúrò nílé, ó ti ṣèlérí pé bí ìkórè ọdún tó ń bọ̀ bá ti parí, ẹ̀gbọ́n òun, Bàbá Adégòkè, yóò wá mú mi lọ sọ́dọ̀ Màmá kí n lè di ọmọ Yorùbá gidi. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá mo fẹ́. N kò fẹ́ rárá. Jálẹ̀ ọdún yẹn, mo ń fi ìka ka oṣù tó kù.

Lákòókò kan náà ni bàbá mi ń bá ẹ̀wà sóyà jìjàkadì. Ilẹ̀ tí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ́nà Kuru, ilẹ̀ tí wọ́n ti wa kùsà tín ni, irin tí wọ́n fi ń ṣe agolo. Àwọn tó wà á ti kó gbogbo ilẹ̀ dúdú lọ, iyanrìn funfun ni wọ́n fi sílẹ̀. Ọdún méjì ni bàbá mi ti gbin sóyà síbẹ̀ tí ó hù, tí ewé rẹ̀ sì pọ́n bí ewé tó fẹ́ já bọ́. Bàbá mi mọ ohun tó fà á. Ó fa ọ̀kan tu, ó fi gbòǹgbò rẹ̀ hàn mí, ó ní ó yẹ kí kókó kéékèèké wà lára rẹ̀. Kòkòrò àìfojúrí kan ní ń gbé inú kókó náà, ó ń mú oúnjẹ jáde láti inú afẹ́fẹ́ fún ẹ̀wà, ẹ̀wà náà sì ń bọ́ ọ. Ilẹ̀ tí wọ́n ti wà kanlẹ̀ yìí kò ní kòkòrò náà mọ́, àfi kí a bu ilẹ̀ tó ní in wá láti ibòmíràn.

Ẹ ti mọ ibi tí ọkàn rẹ̀ lọ. Ó ránṣẹ́ sí Bàbá Adégòkè, wọ́n sì di àpò ilẹ̀ kan láti oko ẹ̀wà bàbá wọn ní Ọ̀yọ́ sínú lọ́rì oníṣu. Àdúgbò gbọ́, ọ̀rọ̀ di kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Ìyá Hàúwà, tí ilé rẹ̀ kan tiwa, rò pé àìsàn ń ṣe Tísà ni, pé ilẹ̀ tí wọ́n máa fi sin ín ló ń tọ́jú. Ó wá kí ìyá mi tàánútàánú. Nígbà tí bàbá mi ṣàlàyé fún un, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

“Háábà, Màlámù,” ló wí, “ilẹ̀ tiwa ńkọ́?”

Ó ní kí ó bu nínú oko gujiya òun tó wà lẹ́yìn ilé wa, ìyẹn ẹ̀pà ròrò, tí òun náà ń ní irú kókó bẹ́ẹ̀ ní gbòǹgbò. Bàbá mi bù ú nítorí kí ó má bàa dà bíi pé ó kẹ́gàn obìnrin náà. Ó fọ́n ilẹ̀ Ìyá Hàúwà sí ìkangun oko, ó fọ́n ti Ọ̀yọ́ sí àárín gbùngbùn, ó sì ní kí àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ máa wo àárín dáadáa.

Òjò rọ̀, òtútù Jos mú, sóyà dàgbà. Ní àárín, ewé tún pọ́n. Ní ìkangun, ó dúdú mìnìjọ̀. Bàbá mi ní bóyá ooru lọ́rì ló pa kòkòrò Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n nígbà tí ó fa sóyà àárín tu, kókó pọ̀ lára gbòǹgbò rẹ̀ bí eṣú. Ó fi abẹ́ la ọ̀kan, inú rẹ̀ funfun. Ó la ti ìkangun, inú rẹ̀ pupa bí ẹran, àmì pé iṣẹ́ ń lọ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó dúró níwájú kíláàsì rẹ̀, ó sọ fún wọn pé ibi tí òun ní kí wọ́n máa wò kọ́ ló yẹ kí wọ́n wò. Ẹni tó bá mọ bàbá mi á mọ ohun tí ìyẹn ná an. Títí di òní ni mo ń fi í yangàn.

Bàbá Adégòkè dé bí ìkórè ti ń parí lọ. Ìyá mi ti di àpótí mi. Bàbá mi ní kí a kọ́kọ́ dé oko, níbi tí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àti Ìyá Hàúwà ti ń lu sóyà. Bàbá Adégòkè kò gbọ́ Háúsá, Ìyá Hàúwà kò gbọ́ Yorùbá, èmi ni mo wà láàárín wọn tí mo ń túmọ̀. Wọ́n kí ara wọn, wọ́n béèrè ọmọ, wọ́n béèrè òjò, wọ́n tilẹ̀ ń bá ara wọn ṣàwàdà. Mo rí i pé bàbá mi dúró, ó ń wò mí.

Bàbá mi fi kókó tó ti là sílẹ̀ han ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní funfun tí kò ṣiṣẹ́ ni ti Ọ̀yọ́. Bàbá Adégòkè fajú ro, wọ́n ní ṣé ilẹ̀ bàbá àwọn ló pe àwọn wá bú.

“Rárá, ẹ̀gbọ́n mi,” ni bàbá mi wí. “Orúkọ kan náà ni kòkòrò méjèèjì ń jẹ́. Bí ẹ bá fi ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá wò wọ́n, ẹ ò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀. Ṣùgbọ́n inú ooru ni ti Ọ̀yọ́ ti ń bímọ láti ìran dé ìran. Inú òtútù ni ti ibí ti ń bí tiwọn, èyí tí òtútù lè pa ti kú tipẹ́, ohun tí àwọn tó kù fi lélẹ̀ fún ọmọ wọn sì ti yàtọ̀. Ti Ọ̀yọ́ ò burú. Ilé ẹ̀ ló ti dáa.”

Ó tún ní, “Mi ò ní lè gbé Yẹ́misí fún yín mọ́. Ẹ bá mi bẹ Màmá. Èmi ni màá kọ́ ọ ní Yorùbá, n ò sì ní fi ṣeré. Ṣùgbọ́n ibí ló ti ń ṣe dáadáa, mo fojú ara mi rí i.”

Mo jókòó sórí ìdì sóyà, mo sunkún ayọ̀. Bàbá Adégòkè gbọn àpò tí wọ́n fi di ilẹ̀ ránṣẹ́ sí wa, wọ́n ní kí wọ́n kó sóyà sí i fún Màmá. Wọ́n wá kọjú sí mi bí ẹni tó fẹ́ dán mi wò, wọ́n pe orúkọ mi.

“Na'am!” ni mo dáhùn kí n tó rántí.

Mo dì mọ́ ìdì sóyà, mo ń retí ìbáwí. Bàbá mi bú sẹ́rìn-ín.

“Ẹ gbọ́ ọ bí?” ló wí fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. “Ọmọ mi nìyẹn.”