Ẹni Tó Ni Ọkọ̀ Ni Í Jókòó

Jẹ́jẹ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè é, kì í ṣe pé ó ń rìn pẹ̀lẹ́ o. Bó bá ń rìn, ìyàwó rẹ̀ gan-an kì í lè bá a. Ìdí iṣẹ́ ni orúkọ náà ti wá. Mẹkáníìkì ni, kò sì sí nọ́ọ̀tì tó máa dè tí kò ní kọ́kọ́ fi ọwọ́ lásán yí títí á fi jókòó sáyè ẹ̀, kó tó ki sípánà bọ̀ ọ́. Oníbàárà tó ń kánjú á máa pariwo lé e lórí, òun á ní, "Jẹ́jẹ́ o, ọ̀gá mi." Àwọn mìíràn á bínú lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì tó yára, àwọn náà ló sì máa ń padà wá bẹ̀ ẹ́.

Ọkùnrin yìí ti ń tún ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ṣe láti kékeré títí irun orí ẹ̀ fi di àwọ̀ méjì, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ kò ní ọkọ̀. Ẹsẹ̀ ló fi ń rìn lọ síbi iṣẹ́, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn bọ̀. Ìyàwó rẹ̀ a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé alágbẹ̀dẹ tí kò ní ọ̀bẹ nílé ni. Jẹ́jẹ́ á rẹ́rìn-ín. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, torí ọkọ̀ bàbá rẹ̀ wà ní ìkangun ṣọ́ọ̀bù, lábẹ́ tapólì, ó ń dúró dè é.

Ọkọ̀ àtijọ́ ni, aláwọ̀ ewé. Iná iwájú rẹ̀ méjèèjì là kalẹ̀ bí ojú ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jí lójú oorun. Wọn ò ṣe irú ẹ̀ mọ́. Nígbà tí bàbá wọn dùbúlẹ̀ àìsàn, ó pe ìyàwó rẹ̀, ó pe ọmọ rẹ̀ méjèèjì, ó ní, "Ilé yìí, ti ìyá yín ni. Bí wọn ò bá sí mọ́, kó di ti àbúrò. Ọkọ̀ yìí, Jẹ́jẹ́ ló ni ín. Ṣé ẹ gbọ́?" Gbogbo wọn ní àwọn gbọ́. Kò sẹ́ni tó kọ nǹkan kan sílẹ̀. Ta ló ń kọ irú ẹ̀ sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá?

Àbùkù kan ṣoṣo ni ọkọ̀ náà ní: ó máa ń ké. Ohun tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní búṣì ló ti gbẹ lábẹ́ ẹ̀. Rọ́bà roboto ni, inú ihò apá irin tó so ẹsẹ̀ ọkọ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ló ń gbé, òun ni kì í jẹ́ kí irin fi ara ha irin. Bàbá wọn, tí òun náà jẹ́ mẹkáníìkì, wá irú ẹ̀ títí, kò rí; Jẹ́jẹ́ náà ṣì ń wá a, kò sì fẹ́ wa ọkọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé, bí wọ́n bá ti gbọ́ kíyùn-ún, kíyùn-ún ní kọ́nà, ìyá á gbé oúnjẹ kalẹ̀, àwọn ọmọ á sì sáré gbé bọ́ọ̀lù pamọ́ sábẹ́ ibùsùn.

Ní ọjọ́ kan, àbúrò Jẹ́jẹ́ wọ ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú páálí lọ́wọ́. Akọ̀wé ni wọ́n ń pè é, torí iṣẹ́ ọ́fíìsì ló ń ṣe, àti torí pé láti kékeré ni kò ti fẹ́ kí gírísì kan èékánná òun. Ó ṣí páálí náà. Búṣì tuntun ni, odindi, ti gbogbo ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

"Bọ̀dá, mo wá a débi tó wà," ló wí. "Ẹ jẹ́ ká tún ọkọ̀ Bàbá ṣe kó rìn bó ṣe yẹ."

Omi lé ròrò sójú Jẹ́jẹ́. Ọmọ tí kò ra púlọ́ọ̀gì kan sí ọkọ̀ yẹn rí! Ó gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní, "Ọlọ́run á ṣí ọ̀nà fún ọ. Ibi tóo fojú sí, ọ̀nà á gba ibẹ̀." Akọ̀wé ṣe àmín, àmọ́ ilẹ̀ ló ń wò. Ó yẹ kí Jẹ́jẹ́ ti fura níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣé èèyàn ń fura sí ọmọ ìyá ẹ̀ ni?

Ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó tú àwọn apá irin náà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kì wọ́n sẹ́nu fáìsì tó ń di irin mú, ó sì ti rọ́bà àtijọ́ jáde. Ó ti gbẹ, ó ti là yẹ́lẹyẹ̀lẹ bí èèpo búrẹ́dì tó sùn síta. Ó fi bébà oníyanrìn họ inú ihò náà títí ó fi dán. Lẹ́yìn náà ló rẹ rọ́bà tuntun sínú omi ọṣẹ kó lè yọ̀ wọlé. Kò fi gírísì kàn án o. Òróró a máa jẹ rọ́bà, bàbá rẹ̀ sì ti gbá a létí rí nítorí ìyẹn. Orin ló ń kọ lábẹ́ ọkọ̀ ní gbogbo àsìkò náà, ó sì ń ṣi ọ̀rọ̀ orin ọ̀hún sọ.

Ohun kan wà nípa búṣì tí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ kì í mọ̀. Rọ́bà yẹn kì í yí nínú ihò, ṣe ló máa ń lọ́. Bóo bá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le nígbà tí ọkọ̀ wà lórí jáàkì, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀ dirodiro, bóo bá ti sọ ọkọ̀ kalẹ̀ báyìí, rọ́bà ti lọ́ nìyẹn, kò ní pẹ́ ya. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ kanlẹ̀, èèyàn sì gbọ́dọ̀ jókòó sínú ọkọ̀, kí nọ́ọ̀tì tó le. Bàbá wọn wá fi tiẹ̀ lé e. Ó ní kì í ṣe èèyàn kan lásán: ẹni tó ni ọkọ̀ ni í jókòó sídìí sítíárìn. Òun ni rọ́bà náà máa gbé láti ọjọ́ yẹn lọ, kó tètè mọ̀ ọ́n. Abẹ́ òfin yẹn ni àwọn ọmọ méjèèjì dàgbà sí. Àwọn ni bàbá máa ń rán lọ pe ọlọ́kọ̀ wá bí iṣẹ́ bá ti kù díẹ̀.

Jẹ́jẹ́ ò lè wà lábẹ́ ọkọ̀, nínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ sí ṣọ́ọ̀bù, kó de nọ́ọ̀tì, kó sì tún jókòó sókè. Ó sọ fún àbúrò rẹ̀ pé, "Mú Màámi wá lọ́la. Àwọn ni kó jókòó dípò mi."

Akọ̀wé wo èékánná rẹ̀. Ó ní, "Ẹ má ṣèyọnu, Bọ̀dá. Màámi á wá. Ẹni tó máa jókòó náà á wà níbẹ̀."

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, Jẹ́jẹ́ wọ aṣọ iṣẹ́ tó mọ́. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé kí òun àti ọmọbìnrin wọn jókòó síwájú ilé nírọ̀lẹ́, òun á wa ọkọ̀ wálé.

"Bí mo bá ti gbọ́ kíyùn-ún ní kọ́nà, màá mọ̀ pé ìwọ ni," ni ìyàwó wí.

"O ò ní gbọ́ ọ mọ́. Mo ti wò ó sàn. Ojú ni kóo fi ṣọ́ ọ̀nà."

Nígbà tí ìyá rẹ̀ àti Akọ̀wé dé ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́rọ̀, ọkọ̀ ti wà lórí kòtò, Jẹ́jẹ́ sì ti wà nínú ẹ̀, sípánà lọ́wọ́. Láti ibẹ̀, ẹsẹ̀ nìkan lèèyàn ń rí. Ó rí sálúbàtà ìyá rẹ̀, èyí tí òun fúnra ẹ̀ rà fún un. Ó rí bàtà dúdú Akọ̀wé. Ó tún rí bàtà mìíràn, aláwọ̀ pupa, tó ń dán, tí kò mọ̀ rí. Ó ń retí kí sálúbàtà yí sọ́wọ́ ibi tí sítíárìn wà. Sálúbàtà dúró gbagidi sójú kan. Bàtà pupa ló yí síbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí, ọkọ̀ sì rọlẹ̀ díẹ̀ lọ́wọ́ yẹn.

"Ẹ jókòó dáadáa, sà," ni ìyá rẹ̀ wí. "Ẹ fẹ̀yìn tì í."

"Màámi," ni Jẹ́jẹ́ pè láti ìsàlẹ̀, "ta ló wà lórí àga?"

Bàtà dúdú sún mọ́ etí kòtò. Akọ̀wé ló sọ̀rọ̀: "Bọ̀dá, ẹ kàn de nọ́ọ̀tì."

"Mo ní ta ni."

Ìyá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ létí kòtò, ó fọwọ́ di orúnkún mú. "Ọ̀gá àbúrò ẹ níbi iṣẹ́ ni. Wọ́n fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́. Àwọn ló ra rọ́bà yẹn. A ti fún wọn, ọmọ mi. Àbúrò ẹ ń wá ìgbéga, o mọ̀ pé ọwọ́ ẹ̀ ò tíì ba nǹkan kan láyé. Ìwọ ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ìwọ lo sì ní sùúrù."

"Bàbá ní tèmi ni, Màámi. Ẹ wà níbẹ̀."

"Mo wà níbẹ̀. Ìdí tí a ò fi sọ fún ẹ nìyẹn. Bóo bá mọ̀, o ò ní fọwọ́ kàn án."

Ó dùn ún wọ egungun. Ẹni tí a ní kó kín ni lẹ́yìn, ẹ̀gún ló fi sọ́wọ́. Tó bá jẹ́ Akọ̀wé nìkan ni, á bú u, á bá a jà, ọ̀rọ̀ á tán. Ṣùgbọ́n ìyá tó bí i lọ́mọ ló dúró síbẹ̀, tó ń bá àlejò tún ìjókòó ṣe. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé wọ́n pa òfin mọ́. Wọn ì bá jẹ́ kí ìyá jókòó, kí wọ́n sì gbé ọkọ̀ lọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó tì, ẹni tó ni ín ni wọ́n mú wá. Ọ̀rọ̀ tí Bàbá sọ nípa rọ́bà, wọ́n rántí. Èyí tó sọ lórí ibùsùn àìsàn, wọ́n gbé e jù nù.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, mẹkáníìkì," ni ọkùnrin náà wí láti òkè, tòun ti ọ̀yàyà. Kò mọ nǹkan kan. "Ṣé kò sí wàhálà?"

Jẹ́jẹ́ wo àwọn nọ́ọ̀tì náà. Ọwọ́ lásán ló fi yí gbogbo wọn mọ́ ọn. Irọ́ ni màá máa pa bí mo bá ní kò wá sí i lọ́kàn láti fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ má mira, sà," ló wí.

Ó ki sípánà bọ̀ ọ́. Ó dè wọ́n le lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tó fi kan èyí tó kẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ló ní kí wọ́n máa wà á lọ.

"Jáde wá kí wọn," ni ìyá wí.

"Ẹ jẹ́ kó kọjá ná, Màámi."

Ọkọ̀ náà kọjá lórí ẹ̀, oòrùn sì wọnú kòtò. Nígbà tó jáde, sálúbàtà ìyá rẹ̀ ṣì wà létí ibẹ̀. Ó gba ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ kọjá lọ. Nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú, ó ti ṣọ́ọ̀bù, ó fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.

Ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ wà níwájú ilé, tàwọn ti aṣọ tó dáa lọ́rùn. Ìyàwó ń wo ẹ̀yìn rẹ̀, bóyá ọkọ̀ ń bọ̀.

"A rí ọ nígbà tóo kọjá lẹ́ẹ̀kan," ló wí. "Ọmọ ẹ ń ju ọwọ́ sí ọ. Oòrùn ojú gíláàsì ò jẹ́ ká rí ojú ẹ, àmọ́ ìwọ náà juwọ́ sí i, o ò kàn dúró. Níbo lo gbé e lọ?"

Jẹ́jẹ́ jókòó sórí àtẹ̀gùn.

"Ṣé ó dún?" ló béèrè.

"Rárá," ni ọmọbìnrin rẹ̀ wí. "Kò dún rárá, Dádì."