Bí Mo Ṣe Gbé Ẹ́ńsáìmù Láti Ìkejà Dé Ìbàdàn Nínú Yìnyín Ẹlẹ́ja

Aago mẹ́rin ààbọ̀ ìdájí ni mo jáde nílé mi ní Ìbàdàn. Fúláàsì ńlá kan tí mo kó yìnyín sí wà lápá mi. Ẹ̀rọ gíláàsì tí a fi ń wọn ooru àti òtútù sì wà nínú àpò àyà mi, torí mi ò lè gba ẹnikẹ́ni gbọ́ ní Èkó bó bá sọ fún mi pé nǹkan tutù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílé lè máa rò pé ìrìn àjò Ìbàdàn sí Ìkejà kì í ṣe ohun tí à ń kọ sínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná.

Inú ewéko ni iṣẹ́ mi wà. Ọdún méje ni mo lò lókè òkun, tí mò ń kọ́ bí èèyàn ṣe ń fa okùn àbùdá jáde látinú ewé, okùn tín-ín-rín tí ojú lásán ò lè rí, èyí tí ewéko fi ń jogún ìrísí àti agbára lọ́dọ̀ òbí rẹ̀. Ìgbà tí náírà ṣì ní láárí ni mo padà sílé, tí mo rò pé mo gbọ́n. Ẹ̀gẹ́ ni mo mú lọ́kùn-únkúndùn. Àrùn kan wà tó máa ń ká ewé ẹ̀gẹ́ kò, tí á sọ ọ́ di ràkọ̀ràkọ̀, àmọ́ ẹ̀gẹ́ kan wà lóko àwọn àgbẹ̀ kan tí àrùn náà kì í mú. Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń wá ibi tí agbára yẹn fara pamọ́ sí nínú okùn náà. Kí n tó lè rí i, mo gbọ́dọ̀ gé okùn náà wẹ́wẹ́, ohun tí a sì fi ń gé e là ń pè ní ẹ́ńsáìmù. Omi díẹ̀ ni, nínú ìgò tí kò ju ọmọ ìka lọ. Òtútù tó le ju ti yìnyín lásán ló gbọ́dọ̀ máa gbé. Bó bá móoru pẹ́, ó kú nìyẹn.

Láti ìgbà tí àwọn ológun ti gbé Sáàpù dé, ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tó sọ náírà di yẹpẹrẹ, ilé ìwádìí wa ò lè ra ohunkóhun lókè òkun mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ òyìnbó, tí a jọ kẹ́kọ̀ọ́, ló ń fi ẹ́ńsáìmù ránṣẹ́ sí mi lọ́fẹ̀ẹ́. Ó ti fi ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kú sí Ìkejà. Ó wá kọ̀wé sí mi pé ẹ̀kẹta yìí ni ìkẹyìn. Bí èyí náà bá kú, iṣẹ́ ọdún mẹ́rin parí, kí n yáa lọ máa kọ́ àwọn ọmọ girama bí ẹ̀wà ṣe ń hù lórí òwú. Ohun tó lé mi jáde ní ìdájí nìyẹn.

Péjò elérò méje ni mo wọ̀. Náírà mẹ́wàá ni wọ́n gbà, owó tó jẹ́ náírà mẹ́fà lọ́dún tó kọjá. Mo bi awakọ̀ pé kí ló dé.

"Ọ̀gá, táyà tókúnbọ̀ ni mò ń lò," ló fèsì. "Ẹ lọ bi àwọn tó ni Sáàpù."

A dé Ṣágámù, a tò fún epo fún wákàtí kan, ní orílẹ̀-èdè tó ń fa epo lábẹ́ ilẹ̀ ara rẹ̀. A kúrò níbẹ̀, àwọn sójà tún dá wa dúró. Wọ́n ní ká sọ̀ kalẹ̀, ká gbé ọwọ́ sókè. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí mo lè bí, ṣí fúláàsì mi.

"Kí lèyí?"

"Yìnyín ni."

"Yìnyín nìkan? Bíà wá dà?"

Mo ṣàlàyé pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ni mí, pé mò ń lọ gba ẹrù ilé ìwádìí. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní kí n máa lọ. Ìbọn àti àánú rẹ̀, mi ò mọ èyí tó bí mi nínú jù.

A wọ Ìkejà lẹ́yìn aago mẹ́sàn-án. Ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ máa ń sọ pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà, ẹ wá wò ó. Ilé iṣẹ́ tò lọ bí ebè oko, ògiri gíga, géètì onírin, ṣùgbọ́n ọ̀pá èéfín mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kò rú. Àwọn ọkùnrin tí wọ́n dá dúró lẹ́nu iṣẹ́ ṣì ń wọ aṣọ iṣẹ́ wá, wọ́n jókòó sí ẹ̀bá géètì bí ẹni ń dúró de ọkọ̀. Ilé ìkẹ́rù kan tí mo mọ̀ sí ti bisikíìtì ti di ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti gbé gbohùngbohùn sí ibi tí wọ́n ń kó páálí sí tẹ́lẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn á kọ́kọ́ kí ọ kó tó bi ọ́ ohun tó o wá ṣe. Níbí, ohun tó o mú wá ni wọ́n ń kọ́kọ́ bèèrè.

Ilé àwọn tó ń bá èèyàn gba ẹrù ọkọ̀ òfurufú ni mo lọ, mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ sanra, ó múra dáadáa, ó sì dìde kí mi. Ìyẹn gan-an ló kọ́kọ́ já mi láyà.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Páàsẹ̀lì yín ti dé. Ẹ tiẹ̀ gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wa ni o."

"Nítorí kí ni?"

"Ó fẹ́ gbiná, sà! Bá a ṣe gbé e wọlé ni èéfín funfun ń rú jáde lára ẹ̀. Mo ní kí wọ́n ṣí i kíá. Nǹkan funfun kan ló wà nínú ẹ̀ tó ń rú èéfín. A kó o dà sí gọ́tà, a da omi lé e lórí, ó tún wá ń rú sí i! Omi báàkẹ́ẹ̀tì mẹ́ta ló gbà."

Yìnyín gbígbẹ ni nǹkan funfun yẹn, èyí tí kì í di omi, tó jẹ́ pé ṣe ló máa ń rú bí èéfín títí tí á fi tán. Òun nìkan ló ń pa ẹ́ńsáìmù mi mọ́ láti òkè òkun. Àwọn ọlọ́gbọ́n èèyàn yìí ti fi omi pa iná tí kò sí.

"Ìgò inú ẹ̀ ńkọ́?" ni mo bi í.

"A ò fọwọ́ yẹpẹrẹ mú un, sà. A rí i tí wọ́n kọ ọ́ sí i lára pé ó gbọ́dọ̀ wà ní tútù." Ó nawọ́ sí igun yàrá. "A gbé e síwájú fáànù."

Lóòótọ́ ni. Iṣẹ́ ọdún mẹ́rin mi wà lórí àga, fáànù ń fẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì. Ó ní kò tíì pé ogún ìṣẹ́jú tí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú páálí. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní kí n sẹ́tù àwọn bọ́ìsì tó bá mi pa iná. Sẹ́tù ni orúkọ tuntun tí wọ́n fún ẹ̀gúnjẹ, kó lè dà bí ọ̀rọ̀ ọ́fíìsì. Mo san án, torí ìgò náà wà lọ́wọ́ wọn. Mo ṣí fúláàsì mi, omi ló kù níbẹ̀, tó ń mì jọ̀wọ̀jọ̀wọ̀. Mo bi í pé níbo ni mo ti lè rí yìnyín.

"Agége, sà. Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́ja dídì, lẹ́bàá rélùwéè."

Kàbúkàbú ló gbé mi lọ, ìyẹn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ akọ̀wé ìjọba tí ebi ti sọ di takisí. Òórùn búrẹ́dì gbígbóná kún gbogbo Agége, mi ò sì tíì jẹun, ṣùgbọ́n mi ò dúró. Iwájú ilé ẹja dídì kan ni mo ti bá obìnrin kan tó jókòó sórí àpótí, Àlájà Sìkírátù, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ó ró ìró méjì, ó wọ bàtà rọ́bà. Òórùn kóòtè àti ṣáwá gbá mi nímú. Mo yí imú sókè.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Irú ẹja wo lẹ fẹ́?"

"Yìnyín nìkan, mà. Kíákíá."

"Kí lẹ fẹ́ fi yìnyín nìkan ṣe?"

"Kò lè yé yín, mà. Nǹkan ìjìnlẹ̀ ni."

Kò bínú. Ó kàn wo ìgò kékeré tí mo dì mọ́wọ́. "Ó dáa. Ibo ni nǹkan ìjìnlẹ̀ yìí ń lọ?"

"Ìbàdàn."

"Pẹ̀lú yìnyín lásán? Á ti domi kẹ́ ẹ tó dé Ṣágámù."

Ó mú òòlù, ó fọ́ yìnyín kan wẹ́wẹ́ sínú kúlà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bu iyọ̀ lé e, ẹ̀kúnwọ́ lẹ́yìn ẹ̀kúnwọ́. Mo pariwo.

"Àlájà! Kí lẹ̀ ń ṣe? Iyọ̀ máa yọ́ yìnyín yẹn! Ẹ fẹ́ bà á jẹ́ fún mi ni?"

"Sà, èmi àti ẹ̀yin, ta ló ń ta ẹja?" Ó ń rò ó pọ̀ lọ. "Iná ti lọ látàná ní gbogbo àdúgbò yìí. Ẹ wọlé lọ fọwọ́ kan ẹja mi. Bó bá rọ̀, kẹ́ ẹ gba kúlà mi lọ lọ́fẹ̀ẹ́."

Mo wọlé, mo fọwọ́ kan ẹja. Ó le bí òkúta. Mo jáde, mo yọ ẹ̀rọ gíláàsì mi, mo tì í bọ inú kúlà. Ó sọ̀ kalẹ̀ kọjá òdo, ó ń lọ, ó ń lọ, ó dúró sí ìlà mọ́kàndínlógún sísàlẹ̀ òdo. Òtútù tí ẹ́ńsáìmù mi ń fẹ́ gan-an nìyẹn. Bí iyọ̀ bá ń yọ́ yìnyín, ooru tó wà nínú rẹ̀ náà ló ń fà mu, ó sì ń tutù sí i. Ọdún kejì ní girama ni wọ́n ti kọ́ mi. Mo tiẹ̀ yege níbẹ̀. Èmi tí mo lo ọdún méje lókè òkun ni mo dúró sí Agége, tí mò ń pariwo lé obìnrin tó ń ṣe é lójoojúmọ́ lórí.

Ó bá mi ri ìgò náà sáàárín, ó fi ìyẹ̀fun pákó ká kúlà, ó fi àpò wé e. Ó ní kí n máa da omi rẹ̀ nù, kí n máa fi iyọ̀ àti yìnyín kún un, ó sì bù méjèèjì fún mi dání. Ó wá bi mí pé kí ni nǹkan ọ̀hún tiẹ̀ wà fún. Lọ́tẹ̀ yìí mo ṣàlàyé, ó sì yé e kí n tó sọ ọ́ dé ìdajì.

"Ìgbà wo la máa wá fi ẹ̀gẹ́ yẹn ṣe gàrí?"

"Ó lè tó ọdún mẹ́wàá, mà."

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. "Ọdún mẹ́wàá! Ẹ̀yin lẹ tún wá ń kánjú yìí!"

Aago mẹ́ta ààbọ̀ ni mo dé ilé ìwádìí wa ní Ìbàdàn, kúlà náà wà láyà mi, ẹ̀rọ mi ṣì wà ní méjìdínlógún sísàlẹ̀ òdo. Mo sáré lọ síbi ẹ̀rọ amúǹkandì wa. Iná ti lọ. Epo dísẹ́ẹ̀lì tó yẹ ká fi tan jẹnẹrétọ̀ ti lọ sílé Olùdarí ilé ìwádìí wa, torí wọ́n ń gbàlejò. Tòlótòló méjì ti ìyàwó wọn ló wà nínú ẹ̀rọ náà, ó ti ń rọ̀. Mo ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ padà. Inú kúlà ni mo fi ẹ́ńsáìmù sí, mo sì ra iyọ̀ sí i lẹ́nu géètì.

Bí mo ṣe ń bù ú sí i ni Olùdarí wọlé bá mi. Ẹ̀rín ni wọ́n bú sí.

"Iyọ̀? Dókítà, ìwọ náà? Dà á nù, ó ti kú. Yìnyín ẹlẹ́ja lo gbé wọ ilé sáyẹ́ǹsì?"

Bí wọ́n ṣe yí imú sókè, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mo ṣe yí tèmi sí Àlájà láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo tún bu ẹ̀kúnwọ́ iyọ̀ kan sí i.

Ọjọ́ kejì, iná dé, mo fi ẹ́ńsáìmù náà gé okùn àbùdá ẹ̀gẹ́ mi. Ó gé. Ìlà mẹ́rin hàn kedere, mo sì rí ìlà karùn-ún lára ẹ̀gẹ́ tí àrùn kì í mú, èyí tí kò sí lára àwọn yòókù. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún bí ọmọdé.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Olùdarí pè mí sí ọ́fíìsì wọn. Wọ́n ti kọ ìròyìn tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí ìjọba, orúkọ mi wà lókè. Ó wà nínú rẹ̀ pé ẹ̀rọ amúǹkandì ìgbàlódé ilé ìwádìí wa ló pa ẹ́ńsáìmù náà mọ́. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí tábìlì ni lẹ́tà ìgbéga mi wà, wọn ò tíì fọwọ́ sí i. Wọ́n kàn ti bírò sí mi.

Mo fọwọ́ sí ìròyìn náà.

Ohun tí ìrìn àjò yẹn kọ́ mi nìyẹn, ó sì dùn mí láti kọ ọ́ fún yín. Láti Ìbàdàn dé Ìkejà ni mo ti ń bú àwọn tó ń ba ilẹ̀ yìí jẹ́: mo bú sójà, mo bú akọ̀wé, mo bú Olùdarí. Akọ̀wé yẹn, àìmọ̀ ló fi ṣe tirẹ̀. Èmi mọ̀. Mo ti gba owó oṣù tuntun náà lẹ́ẹ̀mẹfà báyìí, mo sì ti lọ sí Ìkejà lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò yà sí Agége. Ojú ń tì mí.