Ibi Tí Ohùn Màmá Á Máa Gbé

Nígbà tí kọ̀ǹpútà mi bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, tó ń jí, àyà mi já. Kì í ṣe tìtorí iṣẹ́. Ohùn màmá mi ló wà nínú rẹ̀.

Kí àìsàn tó gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn, mo máa ń fi fóònù ká ohùn wọn sílẹ̀ láràárọ̀, bí wọ́n ṣe ń kì wá tí a bá kúnlẹ̀ kí wọn. Gbogbo wa ni wọ́n ń kì, títí kan àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ orogún wọn, tó ń gbé ní Ọ̀rányàn. Ní báyìí, wọn ò lè pe ẹnikẹ́ni mọ́. Fóònù yẹn ti bàjẹ́. Kọ̀ǹpútà yìí nìkan ló kù.

Mo sáré lọ ra fíláàṣì tí mo máa da nǹkan inú kọ̀ǹpútà kọ sí ní Bẹẹrẹ. Orí mi ti gbóná, mo kàn ń kó gbogbo nǹkan sínú rẹ̀: fọ́tò ìsọmọlórúkọ, fíìmù tí mi ò wò tán. Ó kún bámúbámú kó tó kan ohùn màmá. Mo pòṣé, mo bú fíláàṣì, mo bú ara mi. Ilé ń jó, ta ló ń kó àwo kó tó gbé ọmọ? Mo pa gbogbo pàǹtí yẹn rẹ́, ohùn màmá ni mo kọ́kọ́ dà kọ. Ó wọlé. Alihamudulilai! Mo ju fíláàṣì sínú báàgì kọ̀ǹpútà.

Àbúrò mi tó wá kí wa ní Ìdí Arere bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀gbọ́n mi, báàgì kan náà kẹ̀? Tí olè bá gbé e, ṣé ó máa fi fíláàṣì sílẹ̀ fún yín ni? Mo mú fíláàṣì kan dání. Ẹ jẹ́ ká pín in ní ìdí igi. Ọ̀kan fún ilé ìyá yín, ọ̀kan fún ilé ìyá mi."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́gbọ́n mu. Àfi gbàà! Màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀, omi lé ròrò lójú wọn. Yéè! A ti gbàgbé pé wọ́n jókòó síbẹ̀. Ogún òkú là ń pín ní ìdí igi, ta ló ń pín ogún ẹni tó wà láàyè? Ojú tì mí. Àbúrò mi dọ̀bálẹ̀ gbalaja, èmi náà kúnlẹ̀.

"Ẹ má bínú, màmá. Ẹ máa pẹ́ fún wa. A ò fẹ́ kí ohùn yín sọnù ni."

Wọ́n gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Mo da ohùn náà kọ sínú fíláàṣì tí àbúrò mi mú wá, mo sì ṣí i wò, torí èyí tí a ò bá ṣí wò, ó lè jẹ́ òfìfo. Ohùn wọn jáde, ó ń ki àbúrò mi. Màmá dẹtí. Nígbà tó parí, wọ́n na ọwọ́ wọn tó ṣì lókun, mo kó fíláàṣì méjèèjì lé e. Wọ́n fúnra wọn fi ọ̀kan lé àbúrò mi lọ́wọ́. Ó di ẹ̀bùn nìyẹn, kì í ṣe ogún mọ́. Wọ́n wá fa etí ìró wọn, wọ́n nà án sí mi kí n so ìkejì mọ́ ọn. Tayọ̀tayọ̀ ni mo so ó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, mà."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n na etí ìró sí mi pé kí n tú fíláàṣì ibẹ̀, kí wọ́n lè fi kì mí.