Ekòló Inú Ike Ọ̀dà

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èmi yóò dúró láàárín ekòló àti iyọ̀, mo máa ní kí olúwarẹ̀ lọ sùn. Ṣùgbọ́n mo dúró, tèmi ti aṣọ ìsùn lọ́rùn.

Ọ̀ṣun ni mo ti wá. Iṣẹ́ bisikíìtì ní Ṣàngó-Ọ̀tà ló gbé mi dé Itele, níbi tí mo háyà yàrá kan nínú ilé Àlàájà, ìyá onílé wa. Ilé náà tutù, kò sì jìnnà síbi tí bọ́ọ̀sì ilé iṣẹ́ ti ń gbé wa. Ohun tó ń dà mí láàmú ni pé àwọn akólẹ̀ kì í sábà yà sí àdúgbò wa, èèpo iṣu mi á máa jẹrà nínú ọ̀rá. Ọjọ́ tí mo rí i lórí fóònù pé ekòló lè sọ èèpo di ilẹ̀dú, ojú ẹsẹ̀ ni mo wá ike ọ̀dà òfìfo. Èmi kì í ro nǹkan lẹ́ẹ̀mejì. Ohun tí ìyá mi máa ń bá mi jà sí nìyẹn.

Mo fi ìṣó gbígbóná lu ihò sídìí ike náà kí omi lè máa ro jáde, mo tún lu díẹ̀ sí ọrùn rẹ̀ fún atẹ́gùn. Mo ya páálí sí wẹ́wẹ́, mo rẹ ẹ́, mo fún omi rẹ̀ dànù, mo tẹ́ ẹ sínú. Ekòló tí mo kọ́kọ́ hú lẹ́yìn balùwẹ̀, àwọn tó gùn bí okùn bàtà, kú láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ẹnì kan níbi iṣẹ́ ló là mí lóye pé ìsàlẹ̀ ilẹ̀ nirú wọn ń gbé, pé àwọn pupa kéékèèké inú ìgbẹ́ màálù ni kí n wá. Mo lọ sí ọgbà màálù kan, mo kó wọn sínú agolo mílíìkì. Ọkùnrin tó ń ṣọ́ màálù béèrè bóyá ẹja ni mo fẹ́ fi wọ́n pa. Mo ní rárá, mo fẹ́ sìn wọ́n ni.

Àwọn wọ̀nyí yè. Mo ń fún wọn ní èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọ́ tó ti pọ́n àti èèpo ẹyin tí mo gún, mo sì ń bo gbogbo rẹ̀ mọ́ abẹ́ páálí nítorí eṣinṣin. Ike náà wà lẹ́nu ọ̀nà mi, mo fi àpò ìrẹsì bò ó. Ojoojúmọ́ ni Àlàájà ń kọjá lára rẹ̀. N kò sọ ohun tó wà nínú rẹ̀, torí mo mọ èsì tí mo máa gbọ́.

Ọjọ́ Sọ́ńdè kan ni mo ba nǹkan jẹ́. Mo ń se ọbẹ̀ ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì da gbogbo ìdí ata rodo, kóró àti èèpo rẹ̀, sínú ike. Mo ti gbọ́ lórí fóònù pé ekòló kì í jẹ ata. Mo rò pé òyìnbó tó sọ ọ́ ni kò lè jẹ ata. Ekòló Itele kẹ̀? Ìgbà wo ni ọmọ Yorùbá bẹ̀rẹ̀ sí í sá fún ata?

Ní ìdájí, igbe Àlàájà ló jí mi. Wọ́n jáde wá ṣe àlùwàlá fún ìrun Àsùbáà, wọ́n bá ekòló lára bútà wọn. Àwọn ẹran ọ̀sìn mi ti gba ihò atẹ́gùn sá jáde, wọ́n ti tẹ̀lé ilẹ̀ tútù dé ibi omi. Kí n tó ṣílẹ̀kùn, Àlàájà ti gbé abọ́ iyọ̀ dání. Mo fò sáàárín.

“Ẹ jọ̀ọ́ mà, tèmi ni.”

Àlàájà gbé abọ́ iyọ̀ náà sílẹ̀.

“Ekòló tó bá júbà ilẹ̀ ni ilẹ̀ ń lanu fún,” ni wọ́n wí. “O ń sin nǹkan nínú ilé mi, o ò júbà mi. Kó tó di alẹ́ Jímọ̀, mi ò fẹ́ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ mọ́. Tí mo bá rí wọn, ìwọ náà á bá wọn lọ.”

Ojú tì mí, torí òótọ́ ni. Mo ṣa ekòló lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fọ bútà náà lẹ́ẹ̀mẹta, mo kó ata kúrò, mo tẹ́ páálí tuntun. Yàrá ni mo máa yàn, kò sí àní-àní, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí gan-an.

Ní ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdeè, mo gbé ike náà lọ kúnlẹ̀ níwájú Àlàájà. Mo ní kí wọ́n dárí jì mí, pé lọ́la ni mo máa dá àwọn ekòló padà sí ọgbà màálù. Àlàájà ní kí n ṣí i. Wọ́n bu ilẹ̀dú sọ́wọ́, wọ́n gbóòórùn rẹ̀. Wọ́n wá sọ fún mi pé oko kókò bàbá wọn ló wà níbi tí fẹ́ǹsì ilé iṣẹ́ kan wà báyìí, pé ó ti pẹ́ tí irú òórùn yìí ti kan imú wọn. Wọ́n béèrè ohun tí ekòló ń jẹ àti èyí tí kì í jẹ. Nígbà tí mo dé orí ata, Àlàájà rẹ́rìn-ín títí gèlè wọn fi tú. Ṣùgbọ́n wọn ò ní kí n má kó wọn lọ.

Ní Jímọ̀, mo tètè ti ibi iṣẹ́ dé láti wá gbé ike. Kò sí níbẹ̀. Mo sáré lọ ẹ̀yìnkùlé, mo wo orí ààtàn, n kò rí i. Ìgbà tí mo ń padà bọ̀ ni mo rí i lẹ́nu ọ̀nà Àlàájà, lórí búlọ́ọ̀kù méjì, tí wọ́n fi ẹní àtijọ́ bò. Àlàájà jókòó tì í, wọ́n ń bó kókò.

“Mo ní mi ò fẹ́ rí wọn lẹ́nu ọ̀nà rẹ,” ni wọ́n wí. “Ṣé o rí wọn níbẹ̀?”

Mo ní rárá mà. Wọ́n ní kí n wọlé lọ wá nǹkan fi sẹ́nu, àwọn ekòló ti jẹun.