Ọjọ́ Tí Igi Àgbálùmọ̀ Wó Lu Yàrá Ìyá Mi

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí wọn kò tíì gbà kí n dá lọ sódò, abúlé kan lẹ́bàá Ibogun là ń gbé, nínú ìgbèríko Ifo. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n bí sí Mowe níbí, tí ẹ rò pé ilé gbọdọ̀ ní géètì kó tó jẹ́ ilé, ẹ fara balẹ̀ gbọ́. Ilé amọ̀ ni ilé wa, páànù ló wà lórí rẹ̀, kò sì sí ọgbà kankan láàárín àwa àti ilé kejì. Igi àgbálùmọ̀ ńlá kan wà lẹ́yìn yàrá ìyá mi. Ó ti pẹ́ tí bàbá mi ti ń sọ pé òun máa gé e, ṣùgbọ́n igi tí èso rẹ̀ ń dùn báyẹn, ta ló fẹ́ gé e?

Kí n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó yẹ kí ẹ mọ bí a ṣe ń tún àyíká ṣe lẹ́yìn ìjì láyé ìgbà náà. A kì í háyà ẹnikẹ́ni. Igi tí ìjì bá wó, ti gbogbo abúlé ni. Ẹ̀ka tí èèyàn bá kọ́kọ́ fi àdá ṣá, òun ló ni ín, ó ti di igi ìdáná rẹ̀ nìyẹn. Nítorí náà, bí ìjì bá ti ń rọlẹ̀ báyìí, tọkùnrin tobìnrin á ti gbé àdá àti àáké, wọ́n á sáré. Kí oòrùn tó wọ̀, gbogbo ẹ̀ ti lọ, ẹ̀ka, èèpo, títí dórí ewé tí ewúrẹ́ máa jẹ. Onílé á kàn gbálẹ̀ ni. Àṣà tó dára ni, mi ò parọ́. Òun náà ló sì fẹ́ pa ìyá mi.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, ọmọkùnrin. A ò tíì sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kejì ni àwọn àlùfáà ń bọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ tó ṣáájú ìsọmọlórúkọ náà, òjò àkọ́rọ̀ ṣú, atẹ́gùn sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká páànù sókè. Èmi wà lọ́dọ̀ bàbá mi níwájú ilé. Télọ̀ ni bàbá mi, orí aṣọ nìkan ló sì ti ní sùúrù. A gbọ́ ìró kan tí mi ò lè fi wé nǹkan kan. Nígbà tí a fi máa yí dé ẹ̀yìnkùlé, igi àgbálùmọ̀ ti hú tigbòǹgbò-tigbòǹgbò, ó ti dùbúlẹ̀ lórí yàrá ìyá mi. Ẹ̀ka dí ẹnu ọ̀nà, ó dí fèrèsé, ògiri sì ti là. A gbọ́ tí ọmọ ké lẹ́ẹ̀kan, lẹ́yìn náà a ò gbọ́ ọ mọ́.

Àwọn aládùúgbò ti dé kí òjò tó dá. Wọ́n rò pé a ti kó ìyá àti ọmọ jáde. Ìyá àgbà kan tó fẹ́ràn wa gan-an, òun náà ló gbẹ̀bí ọmọ ọ̀hún, ló kọ́kọ́ ṣá ẹ̀ka kan. Bí ẹ̀ka náà ṣe já, odidi igi rọ̀ sílẹ̀, páànù dún, iyẹ̀pẹ̀ sì ya lulẹ̀ lára ògiri. Àṣé orí àwọn ẹ̀ka yẹn ni igi náà fara tì, àwọn ni kò jẹ́ kó já wọ yàrá tán. Bàbá mi kígbe pé èèyàn wà nínú ẹ̀. Ìyẹn ló tún wá bà á jẹ́ sí i, nítorí gbogbo ẹni tó wá ṣẹ́ igi ìdáná ti fẹ́ gba ẹ̀mí là, oníkálùkù gbé àáké sókè níbi tó dúró sí. Bàbá mi ló ṣíwájú wọn.

Ìgbà náà ni ohùn ìyá mi jáde láti inú yàrá, jẹ́jẹ́.

“Bàbá wọn, ẹ dúró. Ẹ má gé nǹkan kan. Ẹ fi ẹ̀yìn àdá kan ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ná, kí n gbọ́ bó ṣe ń ṣe lọ́dọ̀ mi.”

Bàbá mi bi í bóyá orí rẹ̀ pé. Ó ní ọmọ ńkọ́?

“Ó ń mu ọyàn,” ni ìyá mi wí. “Ẹ kan igi.”

Bàbá mi kan ẹ̀ka kan. Gbogbo wa dákẹ́. Ẹnìkan fọwọ́ di ẹnu ọmọ rẹ̀, ẹlòmíràn lé ewúrẹ́ sẹ́yìn. Ìyá mi ní kí wọ́n fi ìyẹn sílẹ̀, ó ń mi ògiri. Wọ́n kan òmíràn, ó ní ìyẹn náà, ẹ fi sílẹ̀. Wọ́n tún kan òmíràn, ó ní kò dé ọ̀dọ̀ òun, ẹ gé e. Wọ́n gé e, igi náà kò mira. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, wọ́n ń kàn án, wọ́n ń dúró, wọ́n ń gbọ́. Kò sẹ́ni tó gbé ẹ̀ka kankan lọ sílé mọ́. Èyí tó nípọn nínú ohun tí wọ́n gé, wọ́n fi ń ti igi náà lábẹ́. Ẹ̀rù bà mí débi pé mo tọ̀ sára, kí n má tàn yín. Bàbá mi kò ṣá igi kan kí ìyàwó rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Mi ò rí i kó gbọ́ràn sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì tún rí i mọ́ títí tó fi kú.

Nígbà tí àyè ṣí tó èyí tí èèyàn lè rákò gbà, bàbá mi ní kó na ọmọ sí òun.

“Ọmọ ò sí lọ́wọ́ mi,” ni ìyá mi wí. “Ẹ wọlé, ẹ wá bá mi gbé igi òrùlé kúrò lórí ẹ̀.”

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọmọ ò sí lẹ́nu ọyàn láti ìbẹ̀rẹ̀. Igi òrùlé ti já lé ibi tí wọ́n tẹ́ ẹ sí. Àpótí aṣọ ló gba igi náà dúró, ọmọ wà nínú àlàfo abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ìyá mi ò sì tó o. Ní gbogbo ìgbà tó ń sọ pé ẹ gé tibí, ẹ má gé tọ̀hún, ó ń tẹ́tí sí igi, ó sì ń tẹ́tí sí èémí ọmọ rẹ̀. Wọ́n gbé ọmọ jáde, eruku bò ó, ó sín, ó sì bú sẹ́kún. Bàbá mi jókòó sínú ẹrẹ̀, ó sunkún níṣojú gbogbo abúlé. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bínú, ó ní kí ló dé tí ìyá mi fi purọ́ fún òun.

Ìyá mi ní, “Ká ní mo sọ òótọ́, ṣé ẹ̀ bá dúró?”



Ayé ti yí, ẹ̀yin náà mọ̀. Nígbà tí ìjì jà níbí láìpẹ́ yìí, mángòrò aládùúgbò wa wó lu yàrá kékeré tí wọ́n ń fi háyà lẹ́yìn ilé wọn. Wọ́n pe ọmọkùnrin kan láti Asese, ó gbé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé igi dé, àwọn yòókù sì ń fi fóònù ya fídíò. Ẹ̀rọ náà ń pariwo débi pé bí èèyàn bá ń ké nínú yàrá yẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́. Mo ju ọwọ́ títí, wọn ò kà mí sí. Mo bá mú ọ̀pá mi, mo lọ jókòó sórí igi náà gan-an, ó sì di dandan kó pa ẹ̀rọ. Ó ní, “Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde. Kò sí èèyàn nínú ẹ̀.” Mo ní ta ló sọ fún un? Ó wo onílé, onílé wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó wo ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ géètì. Kò sí ẹni tó mọ̀. Mo bá pe ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú yàrá náà pé kó dá mi lóhùn, a sì dúró. Kò sí ìdáhùn. Mo dìde, mo ní kí wọ́n máa gé e.

Nígbà tí ọmọbìnrin tó ń gbé yàrá náà ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ fún un, bí ìyá arúgbó ṣe ń pe ẹni tí kò sí nílé. Òun ò rẹ́rìn-ín. Ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ní láti ìgbà tí òun ti dé àdúgbò yìí, kò tíì sí ẹni tó pe òun wò. Mo fà á dìde, mo bi í ní orúkọ rẹ̀, nítorí èmi náà ò mọ̀ ọ́n.