Ìbọ̀wọ́ Mẹ́rin Lórí Yìnyín

Gido, bàbá ìyá mi, ní eyín iwájú mẹ́rin, ṣùgbọ́n inú ife ni wọ́n ń gbé. Bí ó bá mú mi bínú, mo máa ń gbé ife náà pamọ́ sẹ́yìn ìgò kùkúńbà kíkan.

Orest Hnatiuk lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá họ́kì orí yìnyín jẹun, gòólù mẹ́ta péré ló sì rí jẹ. Ọ̀kan nínú wọn, ìdí rẹ̀ ló bà kó tó wọ àwọ̀n.

Kì í ṣe torí gòólù ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe gbà á síṣẹ́, torí ìjà ni. Bí ẹnikẹ́ni bá fìyà jẹ àwọn kéékèèké inú ẹgbẹ́ rẹ̀, Gido á lọ bá onítọ̀hún, á ní, "Ṣé ká jà?" Bí ìyẹn bá gbà, àwọn méjèèjì á ju ìbọ̀wọ́ sílẹ̀, wọ́n á lu ara wọn bí ẹní lu bàrà. Tí eré bá parí, wọ́n á jọ mu bíà. Òfin iṣẹ́ wọn ni: a kì í lu ẹni tí a ò bi.

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Gido lu ẹnì kan láì bi í. Gaétan Lavergne, oníjà ẹgbẹ́ kejì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yíjú padà ni ẹ̀ṣẹ́ dé. Àgbọ̀n rẹ̀ kán. Wọ́n gbé e jáde, kò sì sẹ́ni tó mu bíà. Lẹ́tà àforíjì tí Gido kọ sí i ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú àpótí ìwọ̀ ẹja. Mo ti kà á. Ìlà méjì ni, àṣìkọ mẹ́rin.

Ní oṣù kìíní, àwọn ọmọdé ìlú mìíràn ń bọ̀ wá bá tiwa gbá ní abúlé wa ní Saskatchewan, ní Kánádà. Mo rí Lavergne nínú orúkọ wọn.

"Gido, ọmọ ọmọ Lavergne ń bọ̀ o. Bàbá àgbà ló ń gbé e bọ̀."

"Ẹ̀yìn ń dùn mí. N ò lọ."

"Ìgbà tí mo dárúkọ ló bẹ̀rẹ̀ sí í dùn yín. Ta ló máa wá wa ẹ̀rọ tó ń fọ yìnyín?"

Ó lọ. Nígbà ìsinmi, ó ń wa ẹ̀rọ rẹ̀ yí pápá ká ló rí bàbá kan tí àgbọ̀n rẹ̀ wọ́ díẹ̀. Ó dá ẹ̀rọ dúró láàárín yìnyín, ó sọ̀kalẹ̀, ó sì dúró bí òpó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé eyín rẹ̀, tí mo mú pamọ́ láàárọ̀ nígbà tó mú mi bínú, wà lápò mi. Mo sáré lọ bá a.

"Gido, ẹ má bínú. Eyín yín rèé."

"Mú un lọ́wọ́. Bó bá fẹ́ gbẹ̀san, kó má fọ́ eyín olówó iyebíye."

Lavergne ti ń bọ̀. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó jù wọ́n sórí yìnyín.

"Orest, ṣé ká jà?"

Gido bọ́ tirẹ̀ náà jù sílẹ̀. Ìka rẹ̀ ti wọ́ bí atalẹ̀. "Ó yẹ kí n bi ọ́ lọ́jọ́ yẹn, Gaétan. Mi ò bi ọ́. Dákun."

"Mo ti ń retí gbólóhùn yẹn tipẹ́," ni Lavergne wí, ó sì di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú. "Bíà mi dà?"

Rẹfirí wá bá wọn. "Ẹ̀yin bàbá, àwọn ọmọdé fẹ́ gbá o."

Èmi ni mo ṣa ìbọ̀wọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Mo dá méjì padà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tirẹ̀, ọ̀kan ti ẹnìkejì. Láti àná tí eré náà ti parí ni Gido ti ń ráhùn pé ó di dandan kí òun lọ dá ìbọ̀wọ́ Gaétan padà. Ó sì ti ń fọ eyín rẹ̀ láti àárọ̀.